Wọ́n Ní Egungun Rẹ̀ Kò Bá A Mu

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Dókítà ní kí n máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù yìí, pé bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni yóò máa kọ ọ́. Dókítà ni ọmọ mi. Òun nìkan ni mo bí. Ó gbọ́ tí mò ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé, ó ní, "Bàbá, bí ẹ ó bá máa dá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí nǹkan kan máa gbọ́ yín." Mo ní àga ń gbọ́ mi. Ó ní àga kì í rántí.

Irọ́ ni. Èmi ni mo kan gbogbo àga ilé yìí. Àga ń rántí.

Àwọn lẹ́tà ń sáré lójú dígí bí èèrà tí wọ́n da omi sí ihò rẹ̀. Mi ò mọ̀wé. Mi ò lè ka ohun tí mo sọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́, ó tán.

Ó ní kí n kọ́kọ́ máa pe ọjọ́. Mo ti pè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òjò. Télọ̀ kò lè wá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí àfi ìwọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Télọ̀ wá. Àbúrò ìyàwó mi ni. Aṣọ ló rán jẹun títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, ó sì tún ń rán an síbẹ̀. Èmi àti òun la kù nínú àwọn tí wọ́n mọ ìyàwó mi ní ọ̀dọ́. Ó máa ń wá lọ́sàn-án, a ó gbé pátákó dráàfù tí mo kàn sáàárín, a ó ta á títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú.

Bí ẹni ń gán aṣọ ló ń ta. Sùúrù, sùúrù, kó tó fi abẹ́rẹ́ gún ọ. Lónìí ó jẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní olè ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú yín là kalẹ̀ nígbà tí mo jẹ wọ́n. Olè kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó ń dìde lọ, ó gbá ìbàdí rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. "Egungun yìí! Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni." Mo rẹ́rìn-ín. A ti ń rẹ́rìn-ín sí i ọjọ́ ti pẹ́. Nígbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n lè gba mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní kò bá a mu. Láti ìgbà náà ló ti ń bú egungun náà.

Ẹlẹ́rìn-ín ni mò ń pe ìyàwó mi. Kì í ṣe lójú èèyàn. Ìyá Dókítà ni àwọn èèyàn ń pè é. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti kú. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ní ọkàn mi le. Bẹ́ẹ̀ ni, ó le. Igi tó bá ti gbẹ tán kì í wọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Dókítà gbé ṣòkòtò àti bùbá tuntun wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, wọ́n ń ṣe ìdágbére fún un ní ilé ìwòsàn. Ó ti pé ọjọ́ orí tí wọ́n ń ní kí èèyàn lọ sinmi. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n rí! Ó ní dandan ni kí èmi àti Bọ̀dá Télọ̀ wá.

Mo ní kó tún ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi, nítorí bí wọ́n bá bi mí. Ó ti ṣàlàyé ẹ̀ rí, mo sì ń gbàgbé. Ó ní inú egungun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sun, bí omi inú àpáta. Bí ìsun náà bá bàjẹ́, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara á di májèlé. Wọ́n á fi oògùn pa ìsun náà gbẹ, pátápátá. Wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ fa mùdùnmúdùn láti egungun ìbàdí ẹlòmíràn, wọ́n á gbé e kọ́ bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà séèyàn lára, yóò sì fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà dé inú egungun. Mo ní, fúnra rẹ̀? Ó ní fúnra rẹ̀, Bàbá, kò sí ẹni tó ń júwe ilé fún un.

Mo ní bí kò bá wá bá a mu ńkọ́? Èyí mo mọ̀ ọ́n bi. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnu igi kò bá bá ihò rẹ̀ mu tí o fi òòlù gbá a wọlé tipátipá. Ó ní kódà bó bá bá a mu, ìgbà mìíràn wà tí àlejò náà á dìde bá onílé jà. Á bá a jà títí onílé á fi kú. Ó ní láyé àtijọ́, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń kú lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ń yè lọ.

Mo ní láyé àtijọ́, ṣé ìgbà ìyá ẹ? Ó ní ìgbà náà ni. Ó dìde, ó lọ fọ ife tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo gbọ́ ẹ̀rín obìnrin kan ní ilé kejì. Kì í ṣe ti Ẹlẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lónìí.

Dókítà fi mọ́tò gbé èmi àti Télọ̀ lọ. Télọ̀ wọ kóòtù tó rán fúnra rẹ̀, ó sì ń wo kóòtù gbogbo ẹni tí a bá pàdé. "Ẹ wo èjìká ìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó rán an ń bínú sí i ni." Inú rẹ̀ dùn. Inú èmi náà dùn. Kí n sọ òtítọ́.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Dókítà mú wa lọ wo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. A fọ ọwọ́. A tún un fọ. Nọ́ọ̀sì so nǹkan bò wá lẹ́nu àti nímú, ó fi ọ̀rá bò wá ní bàtà. Ilẹ̀kùn kan wà, ilẹ̀kùn mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ padé kí èkejì tó ṣí. Mo fọwọ́ ra etí férémù rẹ̀. Iṣẹ́ dáadáa. Afẹ́fẹ́ kò rí ibi gbà.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn dígí, kò ní irun lórí, kò sì ní irun ìpéǹpéjú. Ọ̀rá kékeré kan ń kán sí i lára, àwọ̀ rẹ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀, kò tó ife tíì méjì. Mo ní gbogbo ẹ̀ nìyẹn? Dókítà ní gbogbo ẹ̀ nìyẹn, Bàbá, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn. Òórùn bí àlùbọ́sà tó jóná ń jáde. Ó ní oògùn tí wọ́n fi tọ́jú mùdùnmúdùn náà sínú yìnyín ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọkọ obìnrin náà dúró, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ dígí. Obìnrin náà tẹ́ tirẹ̀ mọ́ ọn láti inú. Wọn kò kan ara wọn. Mi ò lè wò ó. Nígbà tí mo yíjú, Télọ̀ náà ti yíjú.

Ní gbọ̀ngàn, ọ̀gá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ títí ìdí fi ń dùn mí. Wọ́n wá ní kí àwọn tí Dókítà ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún dìde. Àga ń dún káàkiri. Mo rò pé wọn yóò jẹ́ aláìlera. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó sanra bíi màlúù. Ọmọbìnrin kan gbé ọmọ dání. Wọ́n pọ̀. Ojú ń ta mí, mo ní eruku ni. Télọ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Eruku pọ̀ ní ilé ìwòsàn."

Ọmọ mi wá dìde sọ̀rọ̀. Mò ń sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ní irọ́ kan wà tí òun ń pa nínú iṣẹ́ yìí, tí òun kò sì tijú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá mú ará ilé aláìsàn wá kó wá fún un ní mùdùnmúdùn, òun nìkan ni í bá ẹni náà wọ yàrá. Bí ẹni náà bá ní òun kò lè ṣe é — bóyá ẹ̀rù ló ń bà á, bóyá ìyàwó rẹ̀ kò gbà, bóyá kò fẹ́ràn aláìsàn náà — òun á jáde lọ bá ẹbí, òun á ní, "Kò bá a mu." Ó parí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ayé. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí iṣẹ́ òun tú ilé kankan ká.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn.

Mi ò pàtẹ́wọ́. Mo wo ọwọ́ Télọ̀. Òun náà kò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó dúró gbagidi.

Ọ̀gá tó kọ́ ọmọ mi ni dókítà tó tọ́jú ìyàwó mi.

Nínú mọ́tò, Dókítà ní, "Ṣé ó rẹ̀ yín ni?" A jọ dáhùn pé ó rẹ̀ wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Télọ̀ wá. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mò ń rántí. Mi ò pe ìrántí, òun ló ń wá.

Ìyá wọn bí Ẹlẹ́rìn-ín àti Télọ̀, méjì péré. Bí kì í bá ṣe Télọ̀, kò sí ẹlòmíràn. Wọ́n yẹ ọmọ mi wò, kò bá a mu. Ó wá ku Télọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó nígbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ èsì, èmi, Ẹlẹ́rìn-ín àti ọmọ mi wà lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Télọ̀ nìkan ni wọ́n pè wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde, ó ti làágùn, kò wo ojú mi. Ọ̀gá dókítà tẹ̀ lé e jáde, ó ní, "Kò bá a mu." Gbólóhùn kan yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an!

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Mo rò pé ìgboyà ni. Èèyàn tí ikú dojú kọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó kú, Télọ̀ kò wọ yàrá tí a tẹ́ ẹ sí. Ẹnu ọ̀nà ló dúró. Mo ní ìbànújẹ́ ni. Ṣé ìbànújẹ́ ni?

Ó sì ń wá sílé mi láti ìgbà náà. Ta ló ń fi irú ọdún bẹ́ẹ̀ bẹ èèyàn wò láìní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo pe Dókítà. Mi ò kí i dáadáa. Mo ní, Télọ̀ ńkọ́, ṣé ó bá a mu tàbí kò bá a mu?

Ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bi mí." Mo ní mo ti bi ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ ní gbọ̀ngàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni òun máa ń sọ ọ́ fún, ó ti mọ́ òun lẹ́nu, òun kò rántí ẹni tó jókòó níwájú òun. Mo ní o ò dá mi lóhùn. Ó ní, "Mi ò lè dá yín lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ba ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti Bọ̀dá Télọ̀ jẹ́."

Bó bá jẹ́ pé kò bá a mu ni, kí ló dé tí kò lè sọ ọ́? Ó ti dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti sọ ọ́.

Ó wá lọ́sàn-án, ó to àwọn ọmọ dráàfù, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí fífọ́ mi ti mọ ọjọ́ tí òun fẹ́ nà mí. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ta. Mi ò ta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àyè yín ni." Mo ní, kí lo sọ fún dókítà nínú yàrá yẹn?

Kò bi mí pé yàrá wo. Ìyẹn ló dá mi lójú jù. Kò bi mí.

Ó ní dókítà bi òun bóyá òun fẹ́ ṣe é tọkàntọkàn, òun ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní dókítà wá ní kí òun jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ ìlera òun, ó ń sọ èyí, ó ń sọ tọ̀hún, lẹ́yìn náà ó ní kò bá a mu. Mo ní irọ́ lò ń pa. Mo ní ìyàwó tuntun lo rò, o fi ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ kó kú. Mo ní egungun rẹ kò wúlò lóòótọ́, nítorí ojo ló wà nínú rẹ̀.

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé ohun tí ẹ ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, tí a jọ ń ta?" Mo ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń wọn aṣọ. Ó ní, "Èmi ti ń rò ó láti ọjọ́ tó kú. Kì í ṣe pé mo kọ̀. Pé bóyá wọn ò yẹ̀ mí wò dáadáa. Pé bóyá mo jẹ nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó ba ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tí mo fi ń ṣeré láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀yin rò pé eré ni?"

Ó dìde. Kò gbá ìbàdí. Ó lọ.

Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ lórí àga.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Fìlà ṣì wà níbẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Kò wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́.

Mo dá dráàfù ta. Ọwọ́ ọ̀tún bá ọwọ́ òsì ta. Ọwọ́ òsì ń rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún jẹ. Mo ti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Kò sí adùn nínú kí èèyàn máa na ara rẹ̀.

Ilé yìí dákẹ́. Mo kan pátákó kan tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ní ẹnu ọ̀nà, ó ti pẹ́ tó ti ń dún. Nígbà tí mo kàn án tán, mo wá rí i pé òun ni mo fi ń mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá wọlé. Mo tún yọ ìṣó náà kúrò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Ẹlẹ́rìn-ín, bí o bá gbọ́: mo gbèjà rẹ. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo gbèjà rẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Dókítà wá láìpè mí tẹ́lẹ̀. Kò jókòó. Mo ti mọ̀ ọ́n bó bá ń bínú. Ìyá rẹ̀ kì í bínú, èmi ló jọ.

Ó ní Bọ̀dá Télọ̀ wá sí ilé ìwòsàn lánàá. Òun nìkan ló wọ ọkọ̀ wá. Ó wọ kóòtù. Ó dúró níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n tún òun yẹ̀ wò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò bá ẹ̀gbọ́n òun mu, kí òun lè mú un lọ fún àna òun. Àwọn ọmọ ibẹ̀ bi í pé aláìsàn náà dà. Ó ní ó ti kú. Wọ́n bi í pé nígbà wo. Nígbà tó sọ ọ́ fún wọn, àwọn kan nínú wọn kò tíì dáyé nígbà náà. Wọ́n rò pé arúgbó ló ń dà á láàmú. Wọ́n fún un ní omi. Ó ń bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ó ń bẹ̀ wọ́n. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ó na apá sílẹ̀, kò gbé e kúrò."

Mo ní ẹni tó bá mọ ohun tó ṣe ló ń sá kiri.

Ó wá jókòó. Ó jókòó sórí àga tí fìlà wà, ó gbé fìlà náà lé itan. Ó ní, "Mo sọ ní gbọ̀ngàn pé ẹni tó fẹ́ fúnni lè ní kí a pa irọ́ yẹn. Mi ò sọ pé ẹni tó fẹ́ gbà náà lè ní kí a pa á."

Kò yé mi. Ó tún un sọ.

Ó ní egungun Bọ̀dá Télọ̀ bá a mu. Rẹ́gí. Ó ní Bọ̀dá Télọ̀ gan-an gbà láti ṣe é, kò tilẹ̀ jẹ́ kí dókítà sọ̀rọ̀ tán. Ìyá òun ni kò gbà. Ìyàwó mi ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó pe Télọ̀ wọlé, ó ti bá ọ̀gá dókítà sọ ọ́, ó ní kó jáde wá sọ fún gbogbo wa pé kò bá a mu.

Mo ní kí ló dé. Mo rò pé mo pariwo. Bóyá mi ò pariwo.

Ó ní, "Èmi ni Màmá sọ ọ́ fún. Wọ́n ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ̀. Wọ́n ní nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá ṣe é fún nígbà náà, mélòó ló ń yè? Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kú lẹ́yìn dígí, ibi tí ẹ kò ti lè di àwọn lọ́wọ́ mú." Ó dúró níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó kù. Mo ní kó sọ èyí tó kù.

Ó ní, "Wọ́n ní: Mo mọ ọkọ mi. Bí mo bá gba egungun àbúrò mi, tí mo sì kú, yóò ní egungun náà ló pa mí. Kò ní foríjì í láyé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn méjèèjì ni wọn yóò kù fún ara wọn. Mi ò lè fi ẹ̀jẹ̀ mi ba ìyẹn jẹ́."

Fóònù, kọ ọ́ dáadáa. Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó ní ìyá òun ní kí òun má sọ ọ́, àyàfi bí ìjà bá dé láàárín àwa méjèèjì lórí rẹ̀. Ó ní ìjà kò dé. Ó ní òun ti ń wò wá lórí dráàfù, òun ń sọ lọ́kàn òun pé Màmá borí. Ó wá ní òun fúnra òun ló fi ẹnu òun dá a sílẹ̀, nínú gbọ̀ngàn, lójú èrò, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún òun. Ó ń sunkún. Mi ò rí i kó sunkún láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀.

Ó ní nítorí ẹ̀ ni òun ṣe yan iṣẹ́ náà. Òun fẹ́ kí ọjọ́ kan dé tí aláìsàn kò ní máa yàn láàárín ẹ̀mí rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ rí àwọn tó dìde ní ọjọ́ yẹn. Ìgbàkígbà tí ọ̀kan bá yè, mo máa ń sọ fún Màmá. Èmi náà máa ń dá sọ̀rọ̀, Bàbá."

Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe. Mo bọ́ sí ìdáná, mo gbé omi kaná fún un. Mo fi ṣúgà púpọ̀ sí i bí mo ti máa ń ṣe nígbà tó wà ní ọmọdé. Ó mu ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ẹ̀rín tó rín lórí bẹ́ńṣì yẹn. Kì í ṣe ìgboyà. Ó ti yọ èmi àti àbúrò rẹ̀ nínú ìjà.

Ó mọ̀ mí. Ó mọ̀ mí bí ẹní mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò. Ó gbé garawa síbi tí yóò ti kán. Mo sì lọ gbé garawa náà kúrò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo gbé pátákó dráàfù sí abíyá, mo mú fìlà dání, mo lọ sílé Télọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Òun ló máa ń wá.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ wọlé," bí ẹni ń lé ajá. Ó tọ́ sí i.

Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀. Aṣọ wà lórí rẹ̀, kò rán an. Ó rí mi, ó ní, "Ẹ jókòó." Mi ò jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá, bí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lórí ìdúró.

Mo ní, egungun rẹ bá a mu.

Ó gbójú sókè.

Mo ní, ẹ̀gbọ́n rẹ ni kò gbà á. Òun ló ní kí wọ́n purọ́ fún wa. Nítorí mi ni. Ó ní bí òun bá kú lẹ́yìn rẹ̀, èmi yóò ní ìwọ lo pa òun. Mo ní, Télọ̀, òótọ́ ló sọ. Kò tilẹ̀ gba egungun rẹ rárá, mo sì ti sọ ọ́.

Lójú ọ̀nà, mo ti rò ó pé kí n fi tèmi pa mọ́. Mo lè ní ẹ̀rù àìsàn ló bà á. Mo lè ní Dókítà ti tún un wò, kò bá a mu lóòótọ́, kí o fọkàn balẹ̀. Irọ́ tí ń tún ilé ṣe. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ti ṣiṣẹ́ tó. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó ní, "Ó bá a mu?"

Mo ní, ó bá a mu. Rẹ́gí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Kò sí ohun tó ṣe egungun mi?"

Mo ní kò sí ohun tó ṣe é. Kò sí ohun tó ṣe é rí.

Ó yíjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Èjìká kóòtù rẹ̀ ń gbọ̀n; èyí tí a bá rán dáadáa kì í gbọ̀n báyìí. Mo dúró. Apá ń ro mí, mi ò gbé pátákó sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fi aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ nu ojú, aṣọ oníbàárà, ó wò ó, ó ní, "Ẹ wò ó, mo ti ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́." Ó wá ní, "Mi ò tíì foríjì yín o, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ní mi ò bẹ̀ ọ́.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ ò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ẹ gbé pátákó yẹn sílẹ̀, kó má baà ṣẹ́ yín lápá."

Mo gbé e sílẹ̀. Ó tò ó. A kò ta. A jókòó tì í, àwọn ọmọ dráàfù tò sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá, ó gbé tèmi ka ibi tó jìnnà sí mi díẹ̀. Mo nawọ́ sí i. Mo mu ún.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n fi pátákó sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dìde láti sìn mí. Ó di etí tábìlì mú, ọwọ́ kejì lọ sí ìbàdí rẹ̀ bó ti máa ń lọ. Mo dúró de ọ̀rọ̀ náà. Kò gbá a. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi ọwọ́ lé e, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń di ẹsẹ̀ ọmọ tó sùn sí i lẹ́yìn mú.